Fìlà Ẹgbẹ́ Méjì Lórí Ààlà Oko Ìyá Mi

Nígbà ìpolongo ìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì wá bá wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlérí kan náà ni àwọn méjèèjì sì ṣe: àwọn yóò ṣòfin nítorí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, ẹnikẹ́ni kò ní dáná sungbó mọ́. Wọ́n pín fìlà. Ìyá mi gba ti ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, ó tún gba ti èkejì, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú.

Ìsàlẹ̀ òkè, létí odò, ni oko kòkó rẹ̀ wà. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, igbó sì ti wá gbẹ débi pé iná tí àwọn ọdẹ fi ń lé eku jáde kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró mọ́. Ó ti jó ìdajì kòkó rẹ̀. Nítorí ìlérí òfin yìí ló ṣe tún gbin kòkó kéékèèké sójú ibẹ̀.

Ìbò parí. Ẹgbẹ́ tó wọlé sọ lórí rédíò pé àwọn ṣì ń yẹ àbá òfin náà wò. Nígbà tó yá, wọ́n ní yóò ni àwọn àgbẹ̀ lára. Ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi, tí mo rò pé yóò pariwo, ní àwọn ò rántí pé àwọn ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ pọ̀, agégi pọ̀, gbogbo wọn ló sì ń dìbò. Inú bí mi gidigidi. Mo wọkọ̀ láti Ìjerò tí mo ti ń ṣe tíṣà, mo sì ti ń bú olóṣèlú kí n tó wọlé.

"Ṣé o ti jẹun?" ni ìyá mi bi mí. Ó ń fi màrìwò di àwọn fìlà náà.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn, Màámi?"

"Àálè ni. Mo fẹ́ so ó mọ́ ààlà oko."

Àkísà, bàtà tó ti gbó tàbí ṣùkù àgbàdo ni mo mọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àálè, kí ẹlòmíràn má baà fọwọ́ kan nǹkan oníǹkan. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọyẹ́ dé, àwọn ọdẹ kó iná wá. Olórí wọn, tí kì í bọ́ fìlà ẹgbẹ́ tó wọlé lórí, dúró gbagidi.

"Ìyá, fìlà ẹgbẹ́ wa rèé!"

"Òun ni."

"Bí uná bá jó o ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jó ẹgbẹ́ yín."

Àwọn ọdẹ tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi nawọ́ sí igi tó wà lápá kejì. "Tiyín ló wà lọ́hùn-ún yẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ tú àálè náà. Wọ́n gbé iná sílẹ̀, wọ́n yọ àdá, wọ́n sì ro gbogbo ẹ̀gbẹ́ ààlà náà títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere kí wọ́n tó dáná. Iná náà dé etí oko, ó sì kú síbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ olórí ọdẹ, èéfín ara rẹ̀ kò tilẹ̀ dà mí láàmú.

Kòkó náà ti dé orúnkún mi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olóṣèlú kan tún yà sílé wa, ó ní òun gbọ́ pé fìlà tí àwọn fún Ìyá ti ṣá, òun mú tuntun wá.

Ìyá mi tẹ́wọ́ gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Apá odò ṣì ṣófo."