Bí Thongbai Ṣe Mú Ọkọ Rẹ̀ Délé

Bí ẹ bá dé abúlé Nong Kham lẹ́bàá odò Chi, tí ẹ sì ń wá ilé Thongbai, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti béèrè. Imú yín ni yóò mú yín débẹ̀. Ẹja oníyọ̀ tí obìnrin náà máa ń rì sínú ìkòkò kó lè kan, òórùn rẹ̀ lágbára débi pé màlúù abúlé kejì máa ń yí orí padà. Ẹni tó bá ní àsọdùn ni, olúwarẹ̀ kò tọ́ ọ wò rí. Kò sí obìnrin kan ní gbogbo agbègbè Roi Et tó mọ ẹja á rì bíi tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òun mọ ìtàn ayé rẹ̀ ju bí a ti fẹ́ sọ ọ́ yìí lọ, kó jáde síta kó wá sọ tirẹ̀.

Opó ni Thongbai nígbà tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Reino wọ abúlé náà. Ará Finland ni, ìlú kan tó tutù débi pé, bí òun fúnra rẹ̀ ti wí, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí adágún omi kí bàtà rẹ̀ má tutù. Àwọn ará Nong Kham gbọ́ èyí, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní òpùrọ́ ni, ṣùgbọ́n òpùrọ́ tó ṣeé bá gbé ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ ọmọ abúlé ló wá kí. Ó jẹun nílé Thongbai lọ́jọ́ kan, ata gbé omi sí i lójú, ó tún ní kí wọ́n bu sí i. Bó ṣe di ẹni tí kò lọ mọ́ nìyẹn.

Ìjà tó kọ́kọ́ dé sáàárín wọn, orí bàtà ni. Àtẹ̀gùn ilé ni gbogbo ènìyàn ti ń bọ́ bàtà ní Nong Kham, àfi Reino, tó wọ tirẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ oko.

“Bọ́ bàtà rẹ,” Thongbai wí. “Ilé mi kì í ṣe pápá màlúù.”

Ó pẹ́ kó tó bọ́ wọn tán, nítorí bàtà náà tóbi, okùn rẹ̀ sì gùn bí ìfun ewúrẹ́. Bunthan, àbúrò Thongbai, gbé ẹsẹ̀ bàtà kan sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì.

“Ẹ̀gbọ́n, tí odò bá kún lọ́dún yìí, ẹ yá mi ní èyí. Á gba èmi, ìyàwó mi, àti adìẹ wa.”

Reino rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun gan-an ló di olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Baálẹ̀ Kamphon, olórí abúlé, wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó fẹ́ gbé bàtà wọlé. Òyìnbó na ọwọ́ dí ọ̀nà. “Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀, ẹ bọ́ bàtà yín. Ilé wa kì í ṣe pápá màlúù.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé ó ti di ọmọ ilẹ̀.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn lẹ́yìn ìkórè. Ẹ jẹ́ kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé ó kéré. Wọ́n pa màlúù kan, wọ́n se ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́wọ́, ó pọ̀ débi pé èéfín bo tẹ́ńpìlì. Bàbá Suthi, àgbà tó ń pe ẹ̀mí, jókòó síwájú òdòdó àti ẹyin bíbọ̀, ó pe ẹ̀mí méjìlélọ́gbọ̀n tó ń gbé inú ara ènìyàn, ó ní kí wọ́n dẹ́kun rírìn kiri, kí wọ́n padà sára ọkọ, kí wọ́n padà sára ìyàwó. Ó wá mú òwú funfun, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ Reino, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ Thongbai. Gbogbo abúlé tò lẹ́yìn rẹ̀, oníkálùkù ń so tirẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, títí òwú fi dé ìgúnpá òyìnbó. Thongbai kò gé òwú tí Bàbá Suthi so fún un. Tòun ti òwú lọ́wọ́ ló ń wẹ̀, tó ń gún ata, tó ń sùn, títí òwú náà fi já fúnra rẹ̀. Ó wá kó o sínú agolo ìpara kékeré kan, ó tọ́jú u.

Baálẹ̀ Kamphon kìlọ̀ fún un. A kò ní fi ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà dù ú. “Thongbai, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ lọ forúkọ ìgbéyàwó yín sílẹ̀ o.”

“Baálẹ̀, ṣé ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n so òwú ni? Àbí ẹran màlúù yẹn ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ ríran?”

“Mo wà níbẹ̀. Mo jẹ ẹran, mo so òwú. Ṣùgbọ́n ìjọba ò sí níbẹ̀.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n fẹ́ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Reino gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Bangkok, kí ọ́fíìsì aṣojú ìlú rẹ̀ kọ̀wé pé kò ní ìyàwó mìíràn, kí wọ́n túmọ̀ ìwé náà, kí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀, kó tó gbé e wá sí ọ́fíìsì ìbílẹ̀. Ní ọdún kan wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ìkórè. Ní òmíràn odò kún. Lẹ́yìn náà ni orúnkún Reino bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ìjókòó ọkọ̀ títí dé Bangkok sì di ìyà. Òní la ó lọ, ọ̀la la ó lọ, ni kì í jẹ́ kí àlejò gbin awùsá. Reino gbin máńgòrò ní tirẹ̀, máńgòrò náà ga, ó so, àwọn ọmọ abúlé jí i jẹ títí ó fi sú wọn. Ọ̀nà Bangkok nìkan ni wọn kò rìn.

Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ ìjọba ṣeré. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni òfin ní kí òyìnbó tó ń gbé ilẹ̀ náà wá sọ fún ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n pé òun ṣì wà níbi tí òun ń gbé. Reino kò pa á jẹ rí. Thongbai á lọ ẹ̀wù rẹ̀, òun á fá irùngbọ̀n, á dé ibẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣílẹ̀kùn. Ìjọba mọ ibi tó ń sùn dájú. Ẹni tó ń sùn tì í ni wọn kò mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń tún ọgbà ṣe, ó fi òòlù sílẹ̀, ó jókòó sábẹ́ máńgòrò rẹ̀. Ó ní nǹkan jókòó lé òun láyà. Bunthan gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, Thongbai sáré wọlé mú agolo òwú, nítorí tí ara ènìyàn kò bá yá, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń sá, òwú ló sì ń pè é padà. Títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ńlá ní Khon Kaen, ọkọ̀ ń fò sókè sódò, Thongbai kò rí òwú náà so mọ́ ọn lọ́wọ́. Oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tí dókítà jáde wá sọ fún wọn pé Reino ti lọ.

Thongbai kò ké. Ó ní kí Bunthan pe tẹ́ńpìlì, kí wọ́n gbálẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń sun òkú, kí àwọn obìnrin gbé ìkòkò kaná. “Sọ fún wọn pé à ń gbé e bọ̀.”

Ó wá lọ bá ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ òkú nílé ìwòsàn náà. Wilawan lorúkọ rẹ̀, ọmọ oko bíi tiwọn ni, ohùn ẹnu rẹ̀ ló fi hàn.

“Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Báwo lẹ ṣe jẹ́ sí bàbá yìí?”

“Ọkọ mi ni.”

“Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé ìgbéyàwó yín.”

Thongbai ṣí agolo, ó gbé òwú náà lé orí tábìlì. Ó ti dúdú, ó ti ká jọ bí kòkòrò. Wilawan wò ó. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba fún òwú náà.

“Ìyá, mo mọ ohun tí èyí jẹ́. Wọ́n so ó fún màmá tèmi náà. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni bàbá yìí. A ò lè gbé òkú wọn fún ẹnikẹ́ni láìsí lẹ́tà láti ọ́fíìsì aṣojú ìlú wọn ní Bangkok. Ẹbí tí òfin mọ̀ ló máa sọ ẹni tá a máa gbé wọn fún.”

“Èmi lẹbí rẹ̀.”

“Òfin ò mọ̀ yín, Ìyá.” Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi omi gbígbóná fọ egbò.

Bunthan bínú. “Ta ló ń fọ aṣọ rẹ̀? Ṣé òfin ni? Ta ló ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀?”

“Bọ̀ọ̀dá, tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ ò bá ti wà lójú ọ̀nà.”

Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, níbi tí àwọn ẹbí aláìsàn máa ń sùn sí, wọ́n ń dúró. Nílé, àwọn obìnrin sọ ìkòkò kalẹ̀. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì aṣojú rí ọmọ Reino ní Finland, Aila, ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ bí fún un. Ó pè wọ́n lórí fóònù, Wilawan sì ń ṣe ògbufọ̀.

“Ìyá, ó ní kí wọ́n sun bàbá òun nínú ìlú níhìn-ín, kí wọ́n fi eérú ránṣẹ́ sóun.”

“Sọ fún un pé a ti gbálẹ̀ tẹ́ńpìlì. Sọ fún un pé gbogbo abúlé ló ń retí rẹ̀. Ká sun ún nílé, kó gba ìdajì eérú, kémi gba ìdajì.”

Wilawan sọ ọ́, ọmọ náà fèsì. Ojú Wilawan yí padà bó ti ń gbọ́ ọ. “Ó ní òun kéré nígbà tí bàbá òun lọ. Ó ní ẹ̀yin ti ní wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun ò ní nǹkan kan. Ó ní òun ò fẹ́ pín wọn.”

Bunthan la ẹnu. Thongbai gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní kó fi sílẹ̀.

“Sọ fún un pé mo gbọ́. Sọ fún un pé ohun kan péré ni mò ń tọrọ, kí wọ́n jẹ́ kí n so òwú fún un.”

Aila gbà.

Ní Nong Kham, òwú mẹ́ta la fi ń di òkú kí a tó sun ún. Ti ọrùn jẹ́ ti ọmọ, ti ọwọ́ jẹ́ ti aya tàbí ọkọ, ti ẹsẹ̀ jẹ́ ti ohun ìní. Ìdè mẹ́ta tó ń de ènìyàn mọ́ ayé nìyẹn. Wọ́n mú Thongbai wọ yàrá òkú. Ọwọ́ Reino tutù bí adágún tó máa ń pa ìtàn rẹ̀. Thongbai gbà á gbọ́ nígbà náà pé ènìyàn lè rìn lórí omi. Ó so òwú àtijọ́ náà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ta á ní kókó.

Wilawan na òwú tuntun sí i. “Ìyá, ẹ ò ní so ti ọrùn àti ti ẹsẹ̀?”

“Ọrùn jẹ́ ti ọmọ rẹ̀. N ò ní fọwọ́ kàn án. Ti ẹsẹ̀, kí ló ní? Bàtà.”

Wọ́n kó bàtà náà fún un, pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀.

Kí wọ́n tó kúrò, Thongbai tan igi tùràrí kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá òkú, ó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ara lòfin lè dì mú. Ẹ̀mí ẹni tó kú lóde kò mọ ọ̀nà ilé, ẹni tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pè é, kó sì máa sọ fún un bí afárá bá dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á dá a dúró, á máa ráre létí odò títí ayé.

“Reino, dìde, ká máa lọ sílé. Bunthan ló ń wa ọkọ̀. Wọlé sẹ́yìn.”

Ó gbé bàtà sórí itan, ó ń fi ọwọ́ dáàbò bo iná tùràrí. Nígbà tí wọ́n dé afárá kékeré àkọ́kọ́, Bunthan rọra tẹ bíréèkì láìjẹ́ pé a sọ fún un.

“Afárá rèé, Reino. Ká sọdá.”

Báyìí ló ń ṣe ní gbogbo afárá, ìbáà jẹ́ omi, ìbáà jẹ́ kòtò gbígbẹ. Nígbà tí wọ́n dé odò Chi, Bunthan dá ọkọ̀ dúró pátápátá. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn.

“Èyí gùn díẹ̀,” ni Thongbai wí. “Orúnkún rẹ ń dùn ọ́, mo mọ̀. Rọra máa bọ̀. Mi ò kánjú.”

Gbogbo Nong Kham dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n wo ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n rí i pé kò sí pósí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Baálẹ̀ Kamphon kò sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀. Ó tẹrí ba, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ènìyàn méjì.

Thongbai dé ìdí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ó gbé bàtà ńlá náà kalẹ̀, ó tò wọ́n síbi tí wọ́n máa ń wà.

“A ti délé,” ó wí. “Bọ́ bàtà rẹ.”

Ó sì dúró dè é níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọlé, nítorí okùn bàtà náà gùn, kì í sì í tètè tú.