Inú Òkè Èédú ní Enugu

Ìdájí ni mo jáde ní Ajégúnlẹ̀, lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí. Ìyá mi sìn mí dé Malu Road. "Má padà wá bá mi láìrí i," ló sọ.

Dúpẹ́, àbúrò mi obìnrin, ló ní lọ́kàn. Ó fẹ́ Emeka, ọmọ Ìgbò tí a jọ dàgbà ládùúgbò, ìyá mi ò sì fọwọ́ sí i. Enugu ni wọ́n kó lọ, Emeka ń wa èédú níbẹ̀. Látìgbà tí ogun ti dé, a ò gbúròó wọn mọ́.

Ìjọra ni mo ti wọ lọ́rì. Ọ̀nà dára títí dé Benin. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò ló kù. Ogun ti ba afárá Odò Ọya jẹ́ ní Asaba, ọkọ̀ ojú omi la fi sọdá. Ọta ti lu ara ilé ní Onitsha bí ajẹ̀rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wa, ará Iléṣà, ra ọ̀kpà tọ́rọ́ kan fún mi. Ó jọ mọ́ínmọ́ín, àmọ́ ó le jù ú lọ. Mo dì í mú lọ́wọ́ láìjẹ ẹ́, mo ń sọ fún un pé àbúrò mi ni mo ń wá lọ.

"Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ ò tíì rí òkú, ẹ ti ń ṣọ̀fọ̀."

"Orí òkè" ni ìtumọ̀ Enugu lédè Ìgbò. Mo ń béèrè Emeka lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní ibùgbé àwọn awakùsà nígbà tí obìnrin kan tó ń sá gbágùúdá gbójú sókè. Obìnrin náà ti gbẹ, ó ti dúdú. "Bùọ̀dá mi," ló wí, ó sì jókòó sílẹ̀. Dúpẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, Emeka mú mi lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé a ó sọ̀ kalẹ̀ bíi kànga ni, àfi bí a ṣe rìn wọnú òkè gbọọrọ. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún, omi ti dé. Níbẹ̀, orí wa ni omi ń kán sí. Èédú náà nà lọ lára ògiri, ó ga dé àyà mi. Amọ̀ tó ti di òkúta pẹlẹbẹ ló bò ó, òkúta iyanrìn sì wà lókè rẹ̀. Emeka tan iná sí òkúta pẹlẹbẹ náà, mo rí àpá ewé lára rẹ̀.

"Igbó ni èédú yìí tẹ́lẹ̀, Bùọ̀dá," ó wí. "Ó wó sínú àbàtà, amọ̀ àti iyanrìn wá bò ó."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn òpó igi tó gbé òrùlé dúró ké bí igi tó fẹ́ dá. Emeka nawọ́ dá mi dúró. Òmíràn tún ké.

"Ẹ padà. Ẹ tẹ orí yín ba, ẹ tẹ̀ lé iná mi."

Ó pe àwọn awakùsà tó wà níwájú lédè Ìgbò, wọ́n sì sáré bá wa. A ò tíì rìn jìnnà tí òrùlé fi já lẹ́yìn gbogbo wa, tí eruku gba gbogbo ibẹ̀. Aṣọ Emeka ni mo dì mú títí mo fi rí oòrùn. Àwọn tó kù tẹ̀ lé wa jáde, gbogbo wọn pé. Ẹ̀rín ni mo bú sí.

Nígbà tí Dúpẹ́ rí wa, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ sílé."

"Ṣé Màmá máa gbà mí?" ni Emeka bi mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bá a di ẹrù.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Ajégúnlẹ̀. Ìyá mi jáde, ó wo Dúpẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó kọjá lára rẹ̀ lọ bá Emeka tó dúró sẹ́yìn, ó sì fọwọ́ nu eruku ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, o káàbọ̀. Wọlé wá jẹun."

Mo lọ wá ọmọ kan fún ìyá mi. Méjì ni mo mú bọ̀.