Alhaji Ò Fẹ́ Pe Àìsàn Lórúkọ

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹni tí kì í pariwo ṣe máa ń bínú, ẹ wo Aunty Kàfáyàtù, àbúrò mọ́mì mi. Lansing, l'Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Alhaji Daud ni. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun náà ló ń gba shift táwọn yòókù bá sá fún. Kí snow bo gbogbo ọ̀nà, ẹ ṣì máa rí mọ́tò ẹ̀ níwájú ibẹ̀.

Wọ́n wá ṣe surgery ẹ̀yìn fún ọkọ ẹ̀, Uncle Abdulfatah. Uncle ò lè dá dìde. Aunty lọ bá Alhaji, Alhaji ṣàdúà gígùn, ó ní kó lọ tọ́jú ọkọ ẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ àwọn ní insurance tó ń sanwó fún irú leave bẹ́ẹ̀. Ó tún gbé cooler ìrẹsì wá kí wọn nílé. Gbogbo wa ń pè é ní èèyàn dáadáa. Mtchew.

Ni insurance bá ní àwọn ò gba claim tí Aunty kọ sí wọn. Maritza, obìnrin tó gbé fóònù níbẹ̀, ṣàlàyé pé àwọn ti pe ọ̀gá Aunty kó jẹ́rìí sí ohun tó gbé e kúrò níbi iṣẹ́. Ọ̀gá ní ara gbogbo wọn le, ó kàn lọ sinmi díẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ Alhaji sì ti text Aunty pé tí insurance ò bá fọwọ́ sí leave náà, kó wá síṣẹ́ ní Monday.

Aunty wa mọ́tò tààrà sí ọ́fíìsì Alhaji. Ẹ mọ ohùn Alhaji, bí ẹni tó fi gààrí sẹ́nu.

“Ehn-ehn, Kàfáyàtù, wọ́n bi mí bóyá ara ọkọ ẹ ò yá. Ṣé kí n wá fẹnu ara mi sọ pé ò yá? Mo ní he is fine, alhamdulillah. Àdúà ni mo ṣe fún un.”

“Alhaji, wọn ò ní kẹ́ ẹ ṣàdúà. Ìbéèrè ni wọ́n bi yín. Ẹ̀yin lẹ gbà mí síṣẹ́, ẹ̀yin náà lẹ máa dá wọn lóhùn. Ta ló máa yí ọkọ mi padà ní Monday?”

Alhaji ní àwọn á wò ó next week, inshallah. Aunty pe Maritza, ó fi fóònù sí speaker, ó gbé e síwájú Alhaji.

“He is managing,” ni Alhaji wí. “Very strong. Small something in the back.”

“Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, sà.”

Alhaji wo ilẹ̀kùn bíi pé àìsàn ń dúró ní corridor. Ló bá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin náà, kò lè dìde, ìyàwó ẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀. Maritza ní àwọn máa tún claim náà wò, àmọ́ kí Alhaji kọ ọ́ ránṣẹ́ lónìí.

Alhaji ní ó di ìrọ̀lẹ́. Aunty fa àga, ó jókòó tì í.

“Mi ò lọ síbì kankan, sà.”

Ni Alhaji bá ń fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà, tó bá tẹ ọ̀rọ̀ kan tán, á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Nígbà tó fẹ́ fi ránṣẹ́, Aunty na ọrùn, ó kà á.

“Ẹ ò tíì kọ surgery, sà. Ẹ kọ ọ́.”