Ṣé kí ara mi gbóná ni àbí kó má gbóná?

Ẹ jọ̀ọ́, orí mi ti dàrú.

Kóòṣì tó ń kọ́ wa ní irin gbígbé ní àfi kí ara mi kọ́kọ́ gbóná kí n tó fọwọ́ kan irin.

Lónìí, mo fò títí nílé, òógùn bò mí.

Màmá mi fọwọ́ kàn mí lọ́rùn: "Yéè! Páádọ̀n, ara ẹ gbóná! O ò ní lọ síbì kankan."

"Màmá, kóòṣì ló ní kí ara mi gbóná."

"Kí lo ṣe fún un tó fi ń fẹ́ ibà fún ẹ?"

Wọ́n gbé àgbo fún mi, wọ́n gun ọ̀kadà lọ bá kóòṣì ní Daagbé, níbi tó ti ń kọ́ wa.

Kóòṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí lórí fóònù: "Páádọ̀n, wá mú ìyá ẹ. Ara èmi gan-an ti gbóná báyìí."

Nínú àwa méjèèjì, ta ni kó mu àgbo yìí?