Odó Màámi Létí Òkun

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè bá ìyá tó ṣe tísà rìnrìn àjò láìjà, ẹ má gbà á gbọ́. Ọdún márùndínlógójì ni màámi fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílùú Oǹdó, èmi náà sì jókòó sí kíláàsì rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Níbẹ̀, tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá dìde kí o tó dáhùn, o ò sì gbọdọ̀ jókòó títí yóò fi ní kí o jókòó. Mo ti dúró láàárọ̀ rí títí aago ìsinmi fi lù, nítorí pé ó gbàgbé mi.

Ẹ̀kọ́ lórí òkun ló fẹ́ràn jù. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì búlúù kun ìdajì pátákó, yóò ní, “Òkun rèé. Búlúù ni, iyọ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Ojú mi yìí ni mo fi rí i.” A ó la ẹnu sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì dé Àkúrẹ́ rí.

Lọ́dún tó kọjá, mo wá kí i láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kan tí àlùfáà ti wàásù lórí Òkun Pupa. Bá a ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó fà mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ogún ló fẹ́ sọ.

“Mi ò rí òkun rí,” ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mi ò fẹ́ gbé irọ́ yẹn wọ sàréè.” Ẹ̀rín mi gbẹ. Ojú tì mí gan-an ni.

Bí mo ṣe gba ìsinmi ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Alágbàká, l’Ákùúrẹ́, nìyẹn, pé kí n gbé e lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí mo fi máa dé Oǹdó, ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà: Bíbélì, agbòòrùn, sítóòfù, kúlà, iṣu mẹ́fà nínú èyí tí mo rà fún un láti Ìjàrè, àti odó pẹ̀lú ọmọ odó méjì.

“Màámi, òkun la fẹ́ lọ wò o.”

“Ṣé òkun ló máa fún mi lóúnjẹ ni? Àwọn ará etí omi, ẹja ni wọ́n mọ̀. Ta ló máa gúnyán fún mi?”

Odó jókòó sẹ́yìn mọ́tò bí ọ̀gá. Nítorí pé ó ń yí kiri, mo fi bẹ́líìtì dè é. Ọlọ́pàá tó dá wa dúró lọ́nà kí màámi, ó wo ẹ̀yìn, ó sì ní òun rí i pé bàbá náà ti de bẹ́líìtì tirẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Àgbádárìgì, a sì gba yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òtẹ́ẹ̀lì kan. Mo mú màámi lọ sétí omi ọ̀sà tó wà láàárín ìlú àti òkun. Ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní, “A dúpẹ́. Mo ti rí i. Ká máa lọ sílé.”

“Màámi, ọ̀sà lèyí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìyàtọ̀. A máa wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá kí a tó dé òkun.”

Ó ń wo ọkọ̀ tó ń mì lórí omi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di àpamọ́wọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní ká kọ́kọ́ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà nílùú náà. A lo odindi ọjọ́ níbẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin tó ń mú àlejò kiri, ó tún ọjọ́ orí ilé náà ṣe fún un, ó sì ní kó dúró dáadáa tó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni ẹlẹ́ni ń pè é ní “Mà”. Nígbà tí a jáde, àwọn ọlọ́kọ̀ ti kúrò létí omi.

Ọjọ́ kẹta nìkan ló kù fún wa, nítorí ọjọ́ kẹrin ni mo gbọ́dọ̀ padà. Mo ń fọ eyín láàárọ̀ nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Gbì! Gbì! Mo sáré wọ yàrá màámi. Ó ti fi sítóòfù se iṣu, ó sì ń gúnyán lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Máníjà òtẹ́ẹ̀lì ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní àwọn àlejò ìsàlẹ̀ ti sá síta, ọ̀kan nínú wọn ṣì ní ọṣẹ lórí.

Inú bí mi. “Màámi, ẹ̀rù omi ló ń bà yín!”

“Èmi kọ́ ni ìbẹ̀rù ń bá jà,” ló wí. Yorùbá inú ìwé ló sì máa ń sọ tí ẹ̀rù bá bà á.

Wọ́n ní ká gbé odó lọ sẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ la bá obìnrin tó ń dáná fún òtẹ́ẹ̀lì. Lálẹ́ àná, obìnrin yìí ti gbé àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ tiwọn, àti ẹja díndín fún màámi, màámi sì ti fi ẹnu tísà sọ fún un pé àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò tíì walẹ̀. Màámi gún iyán náà tán, ó bù fún un láìsọ̀rọ̀. Bó ṣe máa ń tọrọ àforíjì nìyẹn.

Obìnrin náà jẹ òkèlè kan, ó di ojú. “Mama, ìyá mi ń gbé ní òdìkejì omi. Kò léyín mọ́. Irú èyí ló máa ń wù ú. Ẹ bù díẹ̀ sí i, màá gbé e lọ fún un tí mo bá ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́.”

“Nírọ̀lẹ́?” Màámi wò ó bí ẹni pé ó bú u. “Iyán mi tó tutù ni arúgbó máa jẹ? Níbo lọkọ̀ náà wà?”

Ó di iyán sínú kúlà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì jáde. Obìnrin náà tọrọ ààyè lọ́wọ́ máníjà, ó bu ọbẹ̀, ó tẹ̀ lé wa. Nínú ọkọ̀, èmi ni mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, èmi ni mo ń pe Jésù. Màámi gbé kúlà lé ẹsẹ̀, ó ń pariwo mọ́ ọlọ́kọ̀ pé, “Yára! Ó ń tutù!”

Ìyá arúgbó náà jẹ iyán mọ́ abọ́. Kò gbọ́ Yorùbá, màámi ò sì gbọ́ Ègùn, ṣùgbọ́n wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí ọ̀nà iyanrìn tó gba àárín igi àgbọn kọjá. A gbọ́ òkun kí a tó rí i.

Màámi bọ́ bàtà. Omi náà rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sí. Ìgbì kan wá, ó bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀, màámi sì di apá mi mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ omi, ó lá a.

“Iyọ̀ ni!” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. “Iyọ̀ ni lóòótọ́!” Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe búlúù.”

“Ó jọ búlúù lókèèrè, Màámi.”

“Má tàn mí. Tísà ni mí.”

Ó kọ ẹ̀yìn sí òkun bó ṣe máa ń kọ ẹ̀yìn sí pátákó, ó kọjú sí mi. “Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi,” ló wí, “mo purọ́ fún yín. Mi ò tíì rí i nígbà yẹn. Ẹ má bínú. Ṣé ẹ gbọ́?”

Èmi nìkan ni kíláàsì tó wà níbẹ̀. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, mo sì ti yọkùn. Mo na ara ró ṣánṣán, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn.

“A gbọ́, tísà. A ò bínú.”

Ó nu ojú rẹ̀. “Ó dáa. Jókòó.”

Mo jókòó sínú iyanrìn tútù.