Ẹ Kú Ebu

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Ìjemọ̀ ṣì jẹ́ ibi tí ojú ti ń ti èèyàn, kò sẹ́ni tó jẹ́ ta oúnjẹ tó ti bu fún ọmọnìkejì kó tún gbé orí sókè rìn láàárín ọjà. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín.

Láfún ni ìyá mi ń ṣe. Á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, á fún omi rẹ̀ dànù, á wá sá a sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí Ọlọ́run ò bá fún wa ní nǹkan mìíràn ní Abẹ́òkúta, ó fún wa ní àpáta. Èmi ni mo máa ń lé ewúrẹ́ àti adìẹ kúrò nídìí rẹ̀, tí mo sì ń ṣọ́ ojú ọ̀run. Láfún tí òjò bá pa, tí oòrùn ò tètè bá, bíbu ló máa bu. Ebu á hù sí i lára, dúdú níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Ààtàn ni ìyá mi ń da irú rẹ̀ sí. Bàbá mi á ní, ṣé ewúrẹ́ ò lè jẹ ẹ́ ni? Ìyá mi á ní, ta ló wá fẹ́ jẹ ewúrẹ́ náà?

Láyé ìgbà náà, a kì í ra láfún lílọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Odindi là ń rà. Ẹni tó fẹ́ rà á á fọ́ ọ lójú ẹni tó ń tà á, á wo inú rẹ̀, á gbé e símú, kó tó di pé ó gbé e lọ sílé ẹ̀rọ. Ọlọ́jà tó bá bínú sí èyí, a ti mọ̀ pé nǹkan wà nínú igbá rẹ̀.

Obìnrin kan wá wà ládùúgbò wa, afínjú ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Òjò ọdún kan ba láfún rẹ̀ jẹ́, kò sì lè dà á nù. Ó lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ èyí tó dára, ó ní òun fẹ́ fi gba àwọn oníbàárà òun lọ́wọ́ wàhálà ilé ẹ̀rọ ni. Ẹ gbọ́ irọ́! Ilé àkọ́kọ́ tó rò ó rí i pé ó korò, ó sì rí bí eérú tútù. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, “Ẹ kú ebu o!”

Ẹ ṣáà mọ̀ pé “ẹ kú ewu” là ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí pé ó la ewu kọjá. Wọ́n mú ewu kúrò, wọ́n fi ebu rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ọjà fi gbà á. Àwa ọmọdé á kí i tán, a ó sá lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kí i bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Òjò ọdún náà ò tíì dá tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀nà Kọ́bapẹ́. Mi ò káàánú rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì tíì káàánú rẹ̀ dòní.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi obìnrin bímọ. Èkó lòun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n bá ti rí ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ. Ó ní, “Màmá, ẹ má wulẹ̀ ru nǹkan kan wá o, gbogbo ẹ̀ ló wà nílé.” Òótọ́ ni, gbogbo ẹ̀ wà nílé. Láfún wà, lílọ̀, nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ya obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí lára. Bí mo ṣe tú u, òórùn rẹ̀ gbá mi nímú. Mo ṣí ike ata gbígbẹ, ó ti dì gbagidi. Orúnlá ńkọ́? Ebu ti bò ó bí òwú. Mo wá kí ọlọ́mọ kú ewu, ebu ni mo bá!

Ọmọ ọmọ mi sì ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti dé láti ilé ìwòsàn, ìkókó ń mu ọyàn lára rẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé ṣé kò gbóòórùn ni, ó ní, “Màmá, ṣebí láfún máa ń rùn tẹ́lẹ̀.” Ó dùn mí wọra. Ọmọ Ẹ̀gbá ni o, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín láfún tó kan àti láfún tó bu. Níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé lílọ̀ ni wọ́n ń tà fún un?

Mo kó gbogbo rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á. Gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ níbẹ̀ bíi pé òkú ni wọ́n ń tà. Ọmọbìnrin tó ń gbowó yí náílọ́ọ̀nù náà wò, ó ní, “Déètì ẹ̀ ò tíì pé, mà.” Mo ní ebu ò mọ̀wé. Ó ní kí n mú òmíràn. Mo ní kó tú u kí n kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, “A kì í tú u kí wọ́n tó sanwó, mà.”

Mo wò ó tòkètilẹ̀. Mo wo ọ̀gá rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo sì ké e bí àwọn ìyá mi ṣe ń ké e, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́: “Ẹ kú ebu o!”

Mo dúró kí ojú ó tì wọ́n. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi, eyín rẹ̀ funfun báláú. Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ tún padà wá o.” Ọ̀gá rẹ̀ náà tẹrí ba.

Mo fi ìdọ̀tí wọn sílẹ̀ fún wọn lórí káńtà. Odindi láfún ni mo wá rà lọ́jà, mo fọ́ ọ síwájú ọmọ ọmọ mi, mo sì gbé e sí i nímú kó lè mọ̀ ọ́n. Òun ló ń jẹ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ṣe dà. Nígbà tiwa, ìkíni lásán ló lé odindi èèyàn kúrò nílùú. Èmi kí wọn lónìí, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.