Omi Gbígbóná Ilé Tíṣà

Ẹni tó bá ní òun kò jowú rí, ẹ bi í bóyá ìyá rẹ̀ ti lọ wẹ̀ nílé ẹlòmíràn rí.

Ìyá tèmi lọ. Ìgbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni, a ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oko Ọba. Orúnkún ń dun Màmá, mo sì lọ mú wọn wá láti Èkìtì kí wọ́n lè máa wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà, kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ korobá mọ́. Mo ti ra híta tó ń mú omi gbóná bó ṣe ń kọjá lọ sí ṣáwà. Mo gbé táńkì ńlá sórí irin tó ga ju òrùlé lọ, tó jẹ́ pé bí a bá ṣí ṣáwà wa, omi á máa rọ́ bí òjò ọ̀wààrà. Kò sí àlejò tí n kò mú lọ wò ó.

Omi náà gbóná dáadáa títí ọyẹ́ fi dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ọyẹ́, Màmá jáde nílé ìwẹ̀, eyín wọn ń gbá ara wọn.  Wọ́n mú kànrìnkàn àti ọṣẹ, ó di ilé tíṣà tí òun àti èmi jọ pààlà, ọmọ Èkìtì bíi tiwa.

Nígbà tí wọ́n dé, ara wọn ń dán. "Omi ọmọ yẹn gbóná," ni wọ́n wí. Wọ́n bá jókòó, wọ́n ń wúre fún un: àìsàn kò ní mọ ilé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò tọ́jú rẹ̀. Ìwúre tèmi láti kékeré ni o. Mo gbé búrẹ́dì tí mò ń jẹ kalẹ̀.

"Màmá, híta tirẹ̀ kéré sí tiwa."

"Mi ò fi híta wẹ̀, ọkọ mi. Omi ni mo fi wẹ̀."

Ohun tó tún mú un dùn mí ni pé bọ́ílà ni mò ń tọ́jú nílé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ìkẹjà. Èmi tí mò ń se omi fún odidi ilé iṣẹ́, n kò rí omi gbígbóná fún ìyá mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ sílé tíṣà, mo ní mo wá yá àkàbà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìbejì, àkàbà yín wà lára irin táńkì yín. Mò ń rí i láti ojú fèrèsé."

Mo bá sọ òótọ́ fún un, ó sì mú mi lọ sílé ìwẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí ṣáwà. Omi ń yọ jáde bí ìtọ̀ ọmọ ọwọ́.

"Ẹ má bínú, páìpù ló ti dípẹtà. Màmá ní kò burú."

Mo na ọwọ́ sí i. Ó gbóná.

Ìgbà náà ló yé mi. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ bọ́ílà lọ́dọ̀ mi ni: bí omi tó wọlé bá ti tutù jù, iná kan náà kò ní lè mú un gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀. Táńkì mi tó ga sókè, ọyẹ́ ń fẹ́ lù ú mọ́jú. Páìpù tó gba ara ògiri níta sọ̀ kalẹ̀, òun náà tutù. Agbára híta kò sì lé sí i. Èmi wá ń jẹ́ kí omi sáré kọjá nínú rẹ̀, nítorí àlejò. Ti tíṣà ń rọra kọjá, iná ń rí i mú. Ì bá sàn fún mi kó jẹ́ pé híta rẹ̀ ló dára ju tèmi lọ.

Nígbà tí mo délé, mo fi fóòmù àti àpò ìrẹsì wé páìpù tiwa. Mo yí kọ́ọ̀kì omi láti dín in kù títí ọ̀wààrà mi fi di winniwinni. Ìyàwó mi ń wò mí.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ ó wá máa fi han àlejò?"

Màmá wẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó gbóná. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún mú kànrìnkàn, wọ́n kọjú sí ilé tíṣà.

"Màmá, omi tiwa ti gbóná."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn máa ń gbé àga sẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa bá mi sọ̀rọ̀ ilé bí mo ṣe ń wẹ̀. Ìwọ, bí o bá ti ṣí omi fún mi tán, o ti wọ bàtà iṣẹ́."

Mo lọ bẹ ọ̀gá mi pé n ó máa pẹ́ dé díẹ̀. Títí ọyẹ́ fi lọ, mo ń gbé àpótí sẹ́nu ilé ìwẹ̀, mò ń béèrè ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ nílé. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni Màmá ti ń wẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta yòókù, tíṣà ló ni wọ́n. Bí mo bá rí ọkùnrin náà dòní, mo máa ń kí i dáadáa, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ọjọ́ mẹ́ta yẹn jì í.